Ta Ni Ó Ń Sọ fún Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Pé Àkókò Àtipọ́n Ti Tó?

Ilé ìdáná ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Ẹ ra ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan lọ́jọ́ ọjà. Ó dúdú, ó le bí igi, àwọn àgbà sì ti wí pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò yá bù ṣán. Ẹ gbé e sí igun ilé, ẹ da àpò bò ó, ẹ bá iṣẹ́ yín lọ. Ní ọjọ́ kejì, bí ó ti wà náà ni ó wà. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ rí i pé ọ̀kan nínú wọn ti ń pọ́n rúsúrúsú. Kí ó tó di ọjọ́ karùn-ún, òórùn dídùn ti gba inú ilé, àwọn ọmọ sì ti ń bi yín pé, “Màmá, ṣé dòdò ni a ó jẹ lálẹ́ yìí?”

Ẹ kò fi iná sí i, ẹ kò da omi lé e lórí. A ti gé e kúrò lára ìyá rẹ̀, kò sì tún rí oúnjẹ kankan gbà láti inú ilẹ̀ mọ́. Ta ni ó wá sọ fún un pé àkókò àtipọ́n ti tó?

Mùsùlùmí yóò dáhùn kíá pé Ọlọ́hun ni. Òótọ́ ni. Nínú Súrà Al-An‘ām, Ọlọ́hun Ọba rán wa létí pé Òun ni Ó ń la kóró èso kí ó lè hù, Ó sì pè wá pé kí a fi ojú sí èso igi nígbà tí ó bá so àti nígbà tí ó bá ń pọ́n. Ẹni tí a bá ní kí ó wo nǹkan, tí ó kàn gbójú kọjá lára rẹ̀, kò tíì ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa, kí a mọ ọ̀nà tí Aṣẹ̀dá gbà fi ọgbọ́n sí inú èso. Ìmọ̀ náà yóò wúlò fún wa lọ́jà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan ti ń fi èrú ṣe iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fi fún èso, àwọn ọmọ wa ni ó sì ń jẹ ẹ́.

OŃṢẸ́ TÍ Ń TI ORÍ WÁ

Ewéko kò ní ọpọlọ tí yóò fi ronú, kò sì ní ẹ̀jẹ̀ tí ń sáré kiri ara. Síbẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ mọ ìsàlẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ mọ òkè, ewé rẹ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó wọ́. Ohun tí ó ń mú wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà kan tí apá kan ara ewéko máa ń pèsè, tí wọ́n sì máa ń lọ jẹ́ iṣẹ́ ní apá mìíràn. Wọ́n kéré jọjọ, ṣùgbọ́n àṣẹ wọn múlẹ̀. Họ́mónù ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Àwa yóò máa pè wọ́n ní ońṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ ońṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ní ọdún 1880, Charles Darwin, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọmọ rẹ̀ Francis, sọ nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde bí wọ́n ti gbin irú koríko kan, tí wọ́n sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá sí i láti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Koríko náà tẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí òdòdó tí a gbé sí ẹ̀bá fèrèsé ti máa ń ṣe. Wọ́n wá fi fìlà kékeré bo ṣóńṣó orí rẹ̀. Kò tẹ̀ mọ́. Wọ́n ṣí orí, wọ́n bo ìsàlẹ̀. Ó tẹ̀. A jẹ́ pé orí ni ó ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni ó ń tẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé nǹkan kan ń ti orí lọ sọ fún ìsàlẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìlú Utrecht ní ilẹ̀ Hóláńdì, Frits Went, ni ó mú ońṣẹ́ náà. Ó gé orí àwọn ọ̀mùnú ọkà òyìnbó tí à ń pè ní óòtì, ó tò wọ́n sórí nǹkan kan tí ó dì bí ẹ̀kọ tútù, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn orí náà dànù. Ó gé ègé kékeré lára ohun dídì náà, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀mùnú tí kò lórí mọ́. Ọ̀mùnú aláìlórí bẹ̀rẹ̀ sí dàgbà, ó sì tẹ̀ bí ẹni pé orí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ońṣẹ́ ti jáde kúrò nínú orí, ó ti wọ inú ohun dídì náà. Ní ọdún 1928 ni Went tẹ iṣẹ́ yìí jáde. Wọ́n sọ ońṣẹ́ náà ní auxin, láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí dídàgbà. Ibi tí òjìji bá wà lára igi ni auxin máa ń pọ̀ sí. Ẹ̀gbẹ́ náà yóò gùn ju èkejì lọ, igi yóò sì tẹ̀ sí ọ̀nà ìmọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, ẹ ti ń bá ońṣẹ́ yìí ṣe pọ̀ tipẹ́tipẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá gé orí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, kí ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀ka tuntun á ti yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì. Orí tí ó wà lókè ni ó ń rán auxin wá sísàlẹ̀ pé kí àwọn ẹ̀ka sinmi ná, gẹ́gẹ́ bí ọba tí ó wà lórí ìtẹ́ kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ ọba mìíràn gbérí. Ní nǹkan bí ọdún 1934, Thimann àti Skoog gé orí irú ẹ̀wà kan, wọ́n sì fi auxin sí ojú ibi tí wọ́n gé. Àwọn ẹ̀ka kò yọ rárá, wọ́n rò pé ọba ṣì wà láàfin. Lónìí, a mọ̀ pé àwọn ońṣẹ́ mìíràn náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n auxin ni aṣáájú wọn.

Òun náà ni ó ń jẹ́ kí igi gbágùúdá tí a gé sílẹ̀ mọ orí yàtọ̀ sí ìdí. Láti orí lọ sí ìdí ni auxin ń sàn, ibi tí ó bá sì kó jọ sí ni gbòǹgbò ti ń yọ. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ gbin igi ẹ̀gẹ́ ní ìdojúdé.

ÌRẸSÌ ÒMÙGỌ̀ ÀTI IṢU TÍ Ń SÙN

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Jàpáànì mọ àrùn kan tí ó máa ń kọlu ìrẹsì. Ìrẹsì tí ó bá ní in yóò ga fíofío ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, yóò tín-ínrín, kò sì ní lè dúró. Wọ́n ń pè é ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí irúgbìn òmùgọ̀. Ní ọdún 1926, Eiichi Kurosawa, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Taiwan, fi hàn pé ohun kan tí ó ń hù lára ìrẹsì náà, irú èyí tí ó máa ń bu búrẹ́dì, ni ó ń tu èròjà kan sí i lára. Ó sẹ́ omi tí ohun náà ti hù, ó bù ú sí ìrẹsì tí ara rẹ̀ dá, òun náà sì ga ní àgàjù. Ní ọdún 1935, Teijiro Yabuta sọ èròjà náà ní gibberellin. Ní ọdún 1958, wọ́n wá rí i pé ewéko fúnra rẹ̀ ń ṣe é, ní ìwọ̀n tí ó tọ́. Òun ni ó ń mú kí igi gùn, òun náà ni ó ń jí irúgbìn lójú oorun pé kí ó sọ oúnjẹ tí ó wà nínú rẹ̀ di ṣúgà fún ọmọ tí ó fẹ́ hù. Ẹ wò ó bí ohun kan náà ti jẹ́ oúnjẹ bí ó bá wọ̀n, tí ó sì jẹ́ àrùn bí ó bá pọ̀jù.

Ṣùgbọ́n iṣu tiwa gba àṣẹ náà sódì. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wa iṣu, kò ní hù fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìbáà wù kí òjò rọ̀ tó. Ó ń sùn ni, kí ọ̀dá má baà bá èéhù rẹ̀ lóde. Bí a bá fi gibberellin, tí ó ń jí irúgbìn mìíràn, kan iṣu tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wà, ńṣe ni oorun iṣu náà máa ń gùn sí i. Ońṣẹ́ kan náà ni, ilé tí ó wọ̀ ni ó yàtọ̀.

Àwọn ońṣẹ́ yòókù kò kéré níye. Ọ̀kan wà nínú omi àgbọn tí a ń mu, tí ó ń pàṣẹ pé kí ara ewéko máa pín kí ó sì máa pọ̀. Òun ni à ń pè ní cytokinin. Láti ọdún 1941 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi omi àgbọn tọ́ ọmọ irúgbìn tí kò tíì lè dá dúró. Òmíràn ni abscisic acid, tí ó máa ń pọ̀ nínú ewé nígbà ọ̀dá, tí ó sì ń pàṣẹ pé kí àwọn ihò tíntìntín ara ewé dé, kí omi má baà tán lára igi. Ní ọdún mẹ́wàá tí ó tẹ̀ lé 1960 ni wọ́n mọ̀ ọ́n dájú.

AFẸ́FẸ́ TÍ Ń MÚ ÈSO PỌ́N

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, nítorí pé ońṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ya ènìyàn lẹ́nu jù. Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ kò lè fi ojú rí i, ẹ kò sì lè dì í mú.

Kí iná mànàmáná tó dé, àtùpà gáàsì ni wọ́n ń tàn sí títì àwọn ìlú ńlá Yúróòpù. Àwọn ènìyàn rí i pé igi tí ó bá wà nítòsí ibi tí gáàsì ti ń jò a máa wọ́wé láìtó àkókò. Ní ọdún 1901, ní ìlú St. Petersburg ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Dimitry Neljubow fi hàn pé afẹ́fẹ́ kan tí ó wà nínú gáàsì àtùpà, ethylene, ni ó ń da ewéko láàmú. Ní ọdún 1910, ìròyìn kan jáde ní erékùṣù Jàmáíkà pé kò dára kí a kó ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ọkọ̀ ojú omi kan náà, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó ń ti ara ọsàn jáde ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀. Ó jọ pé ọsàn tí ó ti bu nínú wọn ni ó fà á jù. Nígbà tí ó di ọdún 1934, Richard Gane fi hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé èso tí ó ń pọ́n fúnra rẹ̀ ń tu ethylene jáde.

Bí afẹ́fẹ́ yìí bá ti kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti gbó, àṣẹ á bẹ̀rẹ̀ sí jáde. Sítáàṣì inú rẹ̀, irú èyí tí a fi ń lẹ aṣọ, á di ṣúgà. Ara rẹ̀ tí ó le á rọ̀. Àwọ̀ ewé á kúrò lára èèpo. Òórùn á dìde. Òun fúnra rẹ̀ á wá máa tu ethylene jáde, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á gbọ́, òun náà á máa tú u jáde. Ó dà bí ìgbà tí ládánì mọ́sálásí kan bá pe ìrun àárọ̀, tí ti àdúgbò kejì gbà á, tí ti ẹ̀kẹta náà gbà á, títí gbogbo ìlú á fi jí. Ìdí tí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi máa ń pọ́n papọ̀ nìyẹn.

Ìdí náà nìyẹn tí àpò tí àwọn ìyá wa fi ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́: kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà fò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó yá sí i, ẹ fi ìbẹ́pẹ kan tí ó ti pọ́n sí àárín rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́, ẹ yọ èyí tí ó ti pọ́n kúrò, ẹ tú wọn ká sí ibi tí atẹ́gùn wà. Ẹ má ṣe gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù sínú fíríìjì, nítorí òtútù yóò mú èèpo rẹ̀ dúdú, kò sì ní pọ́n dáadáa. Ẹ má ṣe kó ẹ̀fọ́ ti èso pípọ́n, kí ewé rẹ̀ má baà yára pọ́n. Èso tí ó bá ti jẹrà, ẹ tètè kó o dànù kí ó tó kó bá àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a rántí èyí pẹ̀lú: gbogbo èso kọ́ ni ó ń gbọ́ àṣẹ yìí lẹ́yìn tí a bá já a. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, máńgòrò, tòmáátì, gúáfà àti píà ń gbọ́, bí wọ́n bá ti gbó kí a tó ká wọn. Ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó kì í dùn ju bí a ti já wọn lọ. Ẹ má sì ṣe fi àwọ̀ ọsàn tiwa dá a lẹ́jọ́: nílẹ̀ wa tí òru kì í tutù púpọ̀, ọsàn a máa dùn nínú nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀.

OŃṢẸ́ AYÉDÈRÚ

Nísinsìnyí ni ọ̀rọ̀ kàn wá gan-an. Òkúta aláwọ̀ eérú kan wà tí àwọn wẹ́dà fi ń jó irin. Kábáìdì ni wọ́n ń pè é. Bí omi tàbí ooru ọ̀rinrin bá kàn án, á tu afẹ́fẹ́ kan tí ń jẹ́ acetylene jáde. Acetylene àti ethylene jọra bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Nígbà tí ó bá kan èso, èso á rò pé ońṣẹ́ gidi ni ó dé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọ̀ padà. Ìwé ayédèrú ni wọ́n fi tàn án jẹ.

Aburú ibẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkínní, kábáìdì tí wọ́n ń tà kò mọ́. Arsenic àti phosphorus máa ń wà nínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, májèlé sì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n lè fa inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, bí arsenic bá sì ń wọ ara díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, a máa fa àìsàn jẹjẹrẹ. Èkejì, ẹni tí ó ní kábáìdì lọ́wọ́ kì í dúró kí èso gbó. Á já máńgòrò tí kò tíì kó sítáàṣì jọ sínú, èèpo rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á kan tàbí kí ó le. Ẹ ti fi owó ra àwọ̀ lásán. Ẹ̀kẹta, afẹ́fẹ́ náà a máa gbiná, ìyá tí ó bá sì pọn ọmọ sẹ́yìn jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń lò ó, òun àti ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń fà á símú.

Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ fún àwọn olówò èso nílẹ̀ Nàìjíríà léraléra pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, òfin ilẹ̀ Índíà sì ti kà á léèwọ̀. Ní àwọn ibi tí wọ́n ti ń ṣe é bí ó ti tọ́, yàrá tí wọ́n kọ́ fún un ni wọ́n ti ń fi ethylene gidi díẹ̀ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti gbó pọ́n. Ońṣẹ́ tòótọ́ ni wọ́n rán, wọ́n kò fi májèlé kún un.

Báwo ni ẹ ó ṣe ṣọ́ra? Ẹ fura sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ pọ́n dọ́gbadọ́gba nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, tí inú rẹ̀ sì le. Ẹ fura sí èso tí ìyẹ̀fun bí eérú wà lára rẹ̀. Ẹ fura sí máńgòrò tí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ kí àsìkò máńgòrò tó dé. Àwọn àmì yìí kì í ṣe ẹ̀rí tí kò lè yẹ̀, nítorí náà ẹ fi omi tí ń ṣàn fọ gbogbo èso, ẹ sì bó èyí tí ó ṣeé bó kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Èyí tí ó dára jù ni pé kí ẹ ra èyí tí ó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, kí ẹ fi àpò àti ìbẹ́pẹ ṣe é nílé. Ẹ sì máa bèèrè: “Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fi mú un pọ́n?” Bí àwa oníbàárà bá ń bèèrè lójoojúmọ́, àwọn tí ń tà yóò mọ̀ pé a ti lajú.

Oṣù Rámàdánì ni ìdánwò yìí máa ń le jù. Èso ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ṣínu, ọjà a sì gbóná. Ṣùgbọ́n oṣù wa ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá sún síwájú lọ́dọọdún, èso kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Rámàdánì lè dé nígbà tí máńgòrò ṣì kéré lórí igi. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta èso, a mọ̀ pé owó ọmọ iléèwé ń bẹ nílẹ̀, a sì mọ̀ pé ọjà tí kò pọ́n kì í tà. Síbẹ̀, ẹ rántí Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bí ó ti kọjá lára òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, tí ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tí ó sì bá ohun tútù nísàlẹ̀ ibi tí òkè ti gbẹ. Ẹni tí ó ni ín ní òjò ni ó pa á. Ànọ́bì bi í léèrè ìdí tí kò fi gbé èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá ń rẹ́ ènìyàn jẹ kò sí lára àwọn tirẹ̀. Èso tí òde rẹ̀ pọ́n, tí inú rẹ̀ kò pọ́n, irú òkìtì yẹn kọ́ ni bí?

Àwọn àgbà wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko bí ojú ẹja. Ọlọ́hun ti yan ońṣẹ́ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, kì í pẹ́ jù, kì í yá jù. Nígbà tí ẹ bá tún da àpò bo ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé, ẹ pe àwọn ọmọ, kí ẹ sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ àpò náà fún wọn. Kí Ọlọ́hun fi alùbáríkà sí oúnjẹ wa, kí Ó sì fi ti halálì rọ̀ wá lọ́rùn. Àmín.